Ohùn Àgbà Nínú Kásẹ́ẹ̀tì Ọmọ Mi

Abà Ògúnsànyà,
Lẹ́yìn Àpáta,
Ìbàdàn.
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹsàn-án, 1994.

Olúwanífẹ́mi ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé o ń jẹun yó, ṣé ẹ̀fọn Bódìjà kò le ju ti abà lọ? Àwa níhìn-ín ń bẹ láyé, a ń rí ọ̀sán, a ń rí alẹ́, kò sì sí ẹni tó dùbúlẹ̀ àìsàn nínú wa. Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí iná tó jó oko dé ilé ní ọdún tí a bí ọ, òun náà ni yóò máa ṣọ́ ọ lójú títì ìlú ńlá. Bí o bá jí láàárọ̀, kí o kúnlẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n mi Oyèbọ́lá dáadáa, kí o gbá ilẹ̀ kí wọ́n tó ní kí o gbá a, nítorí pé ilé wọn ni o ti ń jẹun láti ọdún méjì, èmi bàbá rẹ kò sì ní ohun tí mo lè fi san irú oore bẹ́ẹ̀ ju ìwà rẹ lọ. Ìyá rẹ ní kí n kí ọ, ó ní kí n fi lẹ́tà ńlá kọ ọ́ kí o lè mọ̀ pé ó pariwo ni: ÌYÁ RẸ KÍ Ọ. Ewúrẹ́ rẹ ti bí méjì, ọ̀kan dúdú, èkejì ní ilà funfun níwájú orí, a kò sì tíì sọ wọ́n lórúkọ, ìwọ la ń dúró dè.

Fọ́ọ̀mù tí ẹ fi rán Ahmed awakọ̀ sí wa ti dé, kásẹ́ẹ̀tì náà sì dé pẹ̀lú rẹ̀. Nínú àpò ìwé tí lẹ́tà yìí wà, wàá rí àpò ìwé kékeré mìíràn tí mo fi ẹ̀kọ lẹ̀ pa. Má ṣe tú u títí wàá fi ka lẹ́tà yìí tán. Mo mọ̀ ọ́, ẹran lo máa ń kọ́kọ́ jẹ kí o tó jẹ ọkà, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, jẹ ọkà ná.

Mo jókòó ti fọ́ọ̀mù náà láti àárọ̀ títí oòrùn fi dé àtàrí. Mo kà á pé ìdíje àwọn ọmọ olórin ni, pé gbọ̀ngàn kan ní Ring Road ni wọn yóò ti ṣe é ní Sátidé àkọ́kọ́ oṣù kẹwàá, pé ọmọ tó bá borí, wọn yóò kọ́ ọ ní dùùrù àti orin fún ọdún mẹ́ta láìgba kọ́bọ̀, wọn yóò sì san owó ilé ìwé rẹ̀. Mo kà á pé ọmọ náà kò gbọdọ̀ tíì pé ọdún méjìlá, pé ohùn rẹ̀ gan-an ló gbọdọ̀ wà nínú kásẹ́ẹ̀tì, pé òbí rẹ̀ àti ọ̀gá ilé ìwé tó kọ́kọ́ lọ gbọdọ̀ gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì náà kí wọ́n sì fọwọ́ sí i pé òun ni, àti pé gbogbo rẹ̀ gbọdọ̀ padà sọ́dọ̀ wọn ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀ yìí. Níbi tí wọ́n ti béèrè ọjọ́ ìbí, mo kọ pé ọdún 1983, ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tí iná jó oko kòkó wa, bí wọ́n bá sì fẹ́ rí i, kí wọ́n wá, àwọn kùkùté igi náà ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n béèrè fọ́tò méjì tó jẹ́ orí àti ọrùn nìkan. Ìyẹn bí mi nínú. Ọmọ tí Ọlọ́run fún ní ọwọ́ méjì àti ẹsẹ̀ méjì, kí ló dé tí wọ́n fẹ́ gé e ní ọrùn? Fọ́tò ọjọ́ Kérésì ni mo fi sí i, èyí tí o dúró ṣánṣán pẹ̀lú bàtà, kí wọ́n lè mọ̀ pé o pé. Nísàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n fa ìlà yí ibì kan ká, wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ nǹkan síbẹ̀ àfi àwọn tó wà ní ọ́fíìsì. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àgbẹ̀ abà yìí láti ọdún mẹ́rin, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi ni àpótí ìwé ẹgbẹ́ sì wà, nítorí náà mo kọ ibẹ̀ náà kún. Mo kọ ọ́ pé ọmọ náà dára, kí wọ́n gbà á.

Ó wá ku kí Tíṣà Adégbìtẹ́, ọ̀gá ilé ìwé abà wa tó kọ́ ọ ní A B D, gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì kí wọ́n sì fọwọ́ sí i. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti dojú rú.

Ìwọ náà mọ̀ pé rédíò Sàláwù atúnkẹ̀kẹ́ṣe nìkan ló ń gba kásẹ́ẹ̀tì ní abà yìí. Ohun tí o kò mọ̀, torí o ti lọ kí ó tó gbilẹ̀, ni pé abẹ́ àtíbàbà Sàláwù ti di kóòtù. Ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, a máa ń jókòó sáàárín àwọn táyà, a ó máa ṣe ẹjọ́ pé nínú àwọn olórin tí ayé ń pariwo wọn, àwọn wo ni wọ́n bí orin mọ́ lóòótọ́, àwọn wo ni wọ́n kàn ń parọ́ ọjọ́ orí kékeré mọ́. Tíṣà ni adájọ́. Òfin wọn ni pé a kì í gba ohun tí wọ́n kọ sára páálí kásẹ́ẹ̀tì gbọ́, etí wa ni ẹlẹ́rìí. A ó gbé e sínú rédíò, a ó gbọ́ ohùn náà, olúkúlùkù yóò sọ iye ọdún tó gbọ́ níbẹ̀.

Ẹjọ́ tí a ti dá kò kéré. Tósìn Jẹ́gẹ́dẹ́, ọmọbìnrin tí wọ́n ní ọmọ ọdún márùn-ún ni nígbà tó ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù, oṣù Kejìlá ni a gbọ́ tirẹ̀, lẹ́yìn tí a ta kòkó, ohùn ọmọdé ló sì jáde kedere. Tíṣà ní ó yege. Ṣùgbọ́n nígbà tí Sàláwù mú kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ní Michael Jackson kọ pẹ̀lú àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nígbà tó wà ní kékeré wá, oṣù keje ọdún yìí ni, ohùn tó jáde dà bíi ti bàbá arúgbó tó ń wá màlúù rẹ̀ kiri. Tíṣà ní irọ́ funfun báláú ni, kí wọ́n gbé e kúrò. Afọ́jú ará Amẹ́ríkà yẹn, Stevie Wonder, tí wọ́n ní kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tí orúkọ rẹ̀ fi kan káàkiri, oṣù kẹjọ ni a gbọ́ ọ. Mo fún un ní ọgọ́ta ọdún. Sàláwù ní kí n fi márùn-ún kún un.

Sàláwù fúnra rẹ̀ kò gbà pé ènìyàn lè mọ ọmọ tí wọ́n bí orin mọ́ láti inú kásẹ́ẹ̀tì. Ó ní àwọn ọmọ tó ń kọ wéré jí àwọn ènìyàn fún sààrì, tí ẹnikẹ́ni kò gba ohùn wọn sílẹ̀, àwọn ni ojúlówó, pé inú wọn ni àwọn ọ̀gá fújì ti jáde. Tíṣà ní ẹjọ́ tí kò ní ẹlẹ́rìí kì í ṣe ẹjọ́. Sàláwù kò bá wọn sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ méjì, ó sì tún kẹ̀kẹ́ wọn ṣe láìkí wọn.

Inú kóòtù yìí ni mo gbé kásẹ́ẹ̀tì rẹ wọ̀ ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá. Mo wọ aṣọ tí mo wọ ṣègbéyàwó. Mo kọ́kọ́ yangàn díẹ̀, n kò ní purọ́ fún ọ. Mo ní kí gbogbo wọn fi etí sílẹ̀, pé wọ́n ti ń wá ọmọ tí wọ́n bí orin mọ́ kiri òkè òkun, ó ti inú abà wọn jáde.

Sàláwù tẹ̀ ẹ́. Nífẹ́mi, ọkùnrin kan ló ń kọrin níbẹ̀. Ọkùnrin náà ń fa ọ̀rọ̀ bí ẹni tó ru àpò kòkó méjì gun òkè, dùùrù ń ké lẹ́yìn rẹ̀ bíi màlúù tó rì sínú ẹrọ̀fọ̀. Láàárín orin, ọkùnrin náà wúkọ́, ikọ́ àgbà tó ti ń fín aáṣáà tipẹ́. Ìyá rẹ gbé ọwọ́ lé orí. Gbogbo ènìyàn ń wò mí, ẹnikẹ́ni kò sì rẹ́rìn-ín, ìyẹn ló burú jù. Sàláwù rọra sọ pé bí òun bá fẹ́ ṣàánú mi, òun á pè é ní ọmọ ogójì ọdún.

Tíṣà dìde. Wọ́n ní, “Olúgbádé, èmi ni mo kọ́ ọmọ yìí. Èyí kì í ṣe òun, mi ò sì ní fi ọwọ́ mi sí irọ́.”

Mo ní ọmọ mi ni. Mo ní bó bá jẹ́ ìró ìbọn ló jáde láti inú kásẹ́ẹ̀tì tí ọmọ mi fi ránṣẹ́, ọmọ mi náà ni. Wọ́n wá sọ ọ̀rọ̀ kan tó wọ̀ mí lára, wọ́n ní àwọn bàbá kan wà láyé tí wọ́n máa ń gba àgbà kọrin dípò ọmọ wọn kí wọ́n lè jẹ nínú òógùn rẹ̀, pé ọmọ tí wọ́n bá fi ṣe irú rẹ̀ kì í rí ìgbà èwe lò. Mo gbé kásẹ́ẹ̀tì mi, mo bá ẹsẹ̀ mi sọ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí o mọ irú ẹni tí Tíṣà jẹ́, kí o má baà bínú sí wọn. Nígbà tí mo wà ní ìwé mẹ́fà, wọ́n kọ ọ́ sójú pátákó pé méje lọ́nà mẹ́jọ jẹ́ mẹ́rìnléláàádọ́ta. Mo ní kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n nà mí, mo ní kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n tún nà mí, mo fi omijé sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ kejì wọ́n wọlé, wọ́n nu pátákó, wọ́n kọ mẹ́rìndínlọ́gọ́ta, wọ́n sì fi ṣọ́ọ̀kì náà lé mi lọ́wọ́ níwájú gbogbo kíláàsì. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé a kò lè bẹ Tíṣà, a kò lè dẹ́rù bà wọ́n, àmọ́ bí a bá lè fi òtítọ́ hàn wọ́n, wọn yóò tẹrí ba fún un.

Èmi náà kò kúkú mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo rò ó pé ìrìn àjò ló rẹ ohùn náà, torí Ahmed jẹ́wọ́ pé orí irin níwájú ọkọ̀ ni òun gbé kásẹ́ẹ̀tì sí, kòtò ọ̀nà wa ò sì ṣeé fẹnu sọ. Mo fi í sórí ìrọ̀rí kí ó sinmi, èmi sùn sílẹ̀. Ìyá rẹ ní òtútù ló mú un, ó fẹ́ fi òrí pa á, mo ní kí ó má ṣe é, pé òrí yóò lẹ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ orin. Ní ọjọ́ Ajé, Sàláwù kó bátìrì rédíò rẹ̀ sá sórí páànù bó ṣe máa ń ṣe, nígbà tó di ọ̀sán a tún gbé e sí i. Ọkùnrin náà ti kéré sí i. Ó dà bí ọmọ ogún ọdún tó ń wá ìyàwó. Inú mi dùn, mo ní oòrùn ń wò ó sàn, ṣùgbọ́n kí orin náà tó parí, ó ti tún di baba àgbà, ikọ́ rẹ̀ sì tún padà. Mo sáré lọ sọ fún Tíṣà pé ó ń kéré bọ̀. Wọ́n ní ẹni tó jẹ́ ogún ọdún ní ìbẹ̀rẹ̀ orin, tó di ọgọ́ta ní ìparí, kì í ṣe irú ọmọ tí fọ́ọ̀mù ń béèrè.

Ní Ọjọ́rú mo gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Àpáta, torí epo ọkọ̀ ṣì ṣọ̀wọ́n, mo lọ síbi tí wọ́n ti ń bá ènìyàn tẹ tẹlifóònù. Ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ gba nọ́ńbà ọ́fíìsì ẹ̀gbọ́n mi ní Dùgbẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó yí i títí, ó ní kí n sọ̀rọ̀. Mo bọ́ fìlà, mo dọ̀bálẹ̀ kí n tó gbà á. Ọmọbìnrin náà ní kí n dìde, pé wọn kò rí mi. Mo ní bí wọn kò bá rí mi, Ọlọ́run rí mi. Mo wá gbé e sétí, ohùn ẹ̀gbọ́n mi sì kéré tín-ín-rín bíi ti ọmọ ọdún mẹ́fà. Ẹ̀rù bà mí. Mo ní kí ló ń ṣe ìdílé wa, ọmọ ń dàgbà, àgbà ń di ọmọdé. Mo bi wọ́n léèrè bóyá ara rẹ dá, bóyá ẹnìkan ti gba ohùn rẹ, bóyá Ọ̀gá Mark tó ń kọ́ ọ ní dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì ló bá ọ kọ orin náà.

Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín títí owó mi fi ń jó lọ. Wọ́n ní bátìrì wa ló ti kú. Wọ́n ní bí bátìrì bá ti rọ, kásẹ́ẹ̀tì kì í lè sáré mọ́, yóò máa wọ́ ẹsẹ̀, ohùn yóò sì máa wúwo. N kò gbà. Mo ní rédíò kan náà là ń fi gbọ́ ìròyìn, ohùn oníròyìn kò yí padà rí. Wọ́n ní ìròyìn kì í ṣe kásẹ́ẹ̀tì, afẹ́fẹ́ ló ń gbé e wá, kí n ra bátìrì tuntun kí n yéé bá àwọn jiyàn. Mo wá bi wọ́n bóyá bátìrì tẹlifóònù tiwọn ló tuntun jù tí ohùn wọn fi kéré tó bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni owó mi ti tán. Mo fi owó àdá tí mo fẹ́ rà ra bátìrì mẹ́rin.

Lánàá, ọjọ́ Ẹtì, nígbà tí Sàláwù ti kírun Jímọ̀ dé, mo lọ kan ilẹ̀kùn Tíṣà. Wọn kò fẹ́ wá. Mo ní kí wọ́n wá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i, bó bá tún jẹ́ àgbà, èmi yóò fa fọ́ọ̀mù ya lójú wọn. Wọ́n wò mí, mo rò pé wọ́n rántí méje lọ́nà mẹ́jọ. Wọ́n wọ bàtà.

Sàláwù ki bátìrì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bọ rédíò, ó tẹ̀ ẹ́.

Nífẹ́mi, ohùn rẹ ni. Ó mọ́ bí omi odò tí ẹnikẹ́ni kò tíì fi ẹsẹ̀ kàn láàárọ̀. Dùùrù náà kò ké bíi màlúù mọ́, ó ń tẹ̀lé ọ bí ọmọ ewúrẹ́ ṣe ń tẹ̀lé ìyá rẹ̀. Nígbà tó dé àárín, o wúkọ́, ikọ́ kékeré yẹn tí o máa ń wú bí ẹ̀rù bá ń bà ọ́, o sì ń bá orin lọ. Ìyá rẹ ní ikọ́ ọmọ òun nìyẹn. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Sàláwù fi pọ́ǹpù tó fi ń fẹ́ táyà sílẹ̀, ó sì jẹ́ kí afẹ́fẹ́ táyà oníbàárà tú lọ.

Orin náà parí. Tíṣà ní kí wọ́n tún un gbọ́. A tún un gbọ́. Lẹ́yìn náà wọ́n yọ bírò láti inú àpò àyà wọn.

“Olúgbádé, mú fọ́ọ̀mù wá.”

Orí ìjókòó kẹ̀kẹ́ ni wọ́n ti fọwọ́ sí i, wọ́n kọ orúkọ wọn gún régé, wọ́n sì tẹ òǹtẹ̀ ilé ìwé sí i. Mo bi wọ́n pé kí ni ìdájọ́, ṣé ọmọ tí wọ́n bí orin mọ́ ni? Wọ́n ní ọmọdé ni, ìyẹn ni fọ́ọ̀mù béèrè, èyí tó kù kí a jẹ́ kó dàgbà ná. Mo ní èmi kò gbà, wọ́n bí i mọ́ ọ ni. Wọ́n ní mo ṣì lágídí. Nígbà tí wọ́n ń lọ, wọn kò gba bírò wọn lọ́wọ́ mi, òun náà ni mo fi ń kọ lẹ́tà yìí. Ní ti àwọn tó kù, Sàláwù ní ó di dandan kí a tún ẹjọ́ Michael Jackson àti ti afọ́jú náà gbọ́, pé a ti jẹ wọ́n níyà láìṣẹ̀. Tíṣà gbà. Ṣùgbọ́n bátìrì rẹ ni bátìrì, a kò ní fi gbọ́ ti ẹlòmíràn. A sún ẹjọ́ wọn di ìgbà kòkó.

Tú àpò ìwé kékeré yẹn báyìí. Fọ́ọ̀mù rẹ ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú kásẹ́ẹ̀tì. Ahmed yóò ti gbé e dé ibùdókọ̀ Ṣàngó ní ọjọ́ Ajé, kí ẹ̀gbọ́n mi fi ọwọ́ ara wọn dá a padà ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Ọ̀rọ̀ tí Tíṣà sọ nípa àwọn bàbá tó ń jẹ nínú òógùn ọmọ kò tíì kúrò lọ́kàn mi. Nítorí náà gbọ́ èyí: bí o bá borí, n kò fẹ́ nǹkan kan níbẹ̀. Kí wọ́n san owó ilé ìwé, kí wọ́n kọ́ ọ ní dùùrù, kí o sì ráyè ta òkòtó pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ. Bí o kò bá borí, wá kọ ọ́ fún àwọn ewúrẹ́ rẹ ní Kérésì, a ó kúkú gbọ́.

Ohun kan péré ni mo ń béèrè. Wọ́n ní wọn yóò gbé ìdíje náà sórí rédíò, mo sì fẹ́ kí Sàláwù gbà á sínú kásẹ́ẹ̀tì fún wa. Rọra bẹ ẹ̀gbọ́n mi kí wọ́n fi owó bátìrì mẹ́rin àti ti kásẹ́ẹ̀tì òfìfo kan rán Ahmed. Bí wọ́n bá tún fi owó àdá kún un, n kò ní dá a padà, torí àdá ni mo fi ra bátìrì tó sọ ọ́ di ọmọdé. Kì í ṣe òógùn rẹ nìyẹn, ti ẹ̀gbọ́n mi ni.

Nífẹ́mi, Ọlọ́run yóò dúró tì ọ́ ní Ring Road. Ikọ́ kò ní gba orin mọ́ ọ lẹ́nu. Wàá dàgbà, wàá darúgbó, wàá hu ewú, ọmọ rẹ yóò gbọ́ ohùn rẹ, ọmọ ọmọ rẹ yóò gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n kó jẹ́ ọdún ni yóò sọ ọ́ di àgbà, kó má jẹ́ bátìrì.

Èmi ni bàbá rẹ tí kò gbà,
Olúgbádé Ògúnsànyà.